Ìṣọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Ẹ̀rọ Ìpamọ́ nínú Kernel Linux: Ìbéèrè Mẹ́ta

1.0 Ìfáárà

Ète wa nínú bébà yìí ni láti ṣe àlàyé bí kernel, tí í ṣe ọkàn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣe ń pinnu ẹni tí ó lè bá ẹ̀rọ ìpamọ́ sọ̀rọ̀ àti ohun tí ẹni náà lè sọ fún un. Kernel tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé gbangba ni ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiyè méjì lè lọ kà á fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé láàárín 2004 sí 2023, ìṣòro kan náà ni ó ń padà wá bá a léraléra, tí ó sì ń gbé aṣọ tuntun wọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

A lè to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ìtàn àṣìṣe lásán: a rí ihò, a dí ihò, ọ̀rọ̀ parí. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí aṣọ́nà bi ẹnikẹ́ni tí ó bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìpamọ́: Ta ni ọ́? Ilẹ̀kùn wo ni o gbà wọlé? Kí ni o fẹ́ ṣe? Ìgbàkígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò gbà wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ wa níhìn-ín ni láti wo ibi tí ògiri ti lanu, kí a sì bèèrè ohun tí ó fà á.

1.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ohun tí a fún ẹnìkan láǹfààní láti ṣe ni a ó máa pè ní ìyọ̀ǹda. Ohun tí a ní kí ẹ̀rọ ṣe, tí ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́, ni a ó máa pè ní àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ tí a ó mẹ́nu bà ni ó wáyé nítorí pé a fi ìyọ̀ǹda wọn ohun kan nígbà tí àṣẹ ń ṣe ohun mìíràn. Ẹ̀rọ ìpamọ́ ni gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó ìmọ̀ sí kí ó má baà ṣègbé nígbà tí iná bá lọ: díìsìkì, CD, àti àwọn irú wọn. Root ni ọ̀gá ẹ̀rọ, ẹni tí kò sí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn.

2.0 Ìpìlẹ̀: ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí fáìlì

Ọ̀dọ̀ Unix ni Linux ti jogún ọ̀nà tí ó ń gbà ṣọ́ ẹ̀rọ. Ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ Unix ní 1969, wọ́n pinnu pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ bí ẹni pé fáìlì ni. Bí purogíráàmù bá fẹ́ lo díìsìkì, yóò ṣí fáìlì kan tí ó dúró fún díìsìkì náà, yóò sì kà tàbí kọ bí ó ṣe ń ka fáìlì yòókù. Èrè ńlá ni èyí mú wá. Ìyọ̀ǹda tí ó ń ṣọ́ fáìlì, èyí tí ó pín ènìyàn sí onífáìlì, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn yòókù, ni ó di aṣọ́nà ẹ̀rọ pẹ̀lú. A kò nílò láti kọ́ ilé-ìṣọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ju kíkà àti kíkọ lọ. Teepu ni a ń yí padà sẹ́yìn. CD ni a ń tì jáde. Díìsìkì ni a ń bèèrè ìwọ̀n àyè rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà keje Unix jáde ní 1979, ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní ioctl, èyí tí ó jẹ́ pé purogíráàmù lè fi í rán iṣẹ́ tí kì í ṣe kíkà tí kì í sì í ṣe kíkọ sí ẹ̀rọ. Ibi yìí gan-an ni ẹ̀kún ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a ń ṣí fáìlì ni a ti wo ìyọ̀ǹda. Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ohun tí ioctl gbé wọlé kò ní òṣùwọ̀n tí kíkà àti kíkọ ní.

Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ààbò ìmọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta nínú àwọn ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ ni yóò wúlò fún wa: pé kí a yẹ gbogbo ìbéèrè wò láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, pé kí ó jẹ́ pé ohun tí a kò bá fọwọ́ sí ni a kọ̀, àti pé kí purogíráàmù má ṣe ní agbára ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ. A ó rí i pé àwọn ìlànà náà kì í bára wọn rìn ní ìrọ̀rùn ní gbogbo ìgbà.

3.0 Ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Kí a tó lè dá aṣọ́nà lẹ́jọ́, a ní láti mọ èdè tí a ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn èdè tí ó gbajúmọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìpamọ́ fún ìgbà pípẹ́ ni SCSI, èyí tí a kọ́kọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà ní 1986. Nínú SCSI, àṣẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀wọ́ nọ́ńbà kúkúrú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ó ń sọ irú àṣẹ tí í ṣe. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń sọ ibi tí a ó ti ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, tí a kọ nọ́ńbà wọn ní ìlànà ìṣirò onímẹ́rìndínlógún:

(1) (a) 12: sọ irú ẹ̀rọ tí o jẹ́
(b) 28: ka ìmọ̀ láti ibi báyìí
(d) 2A: kọ ìmọ̀ sí ibi báyìí
(e) 04: pa gbogbo ojú díìsìkì rẹ́, kí o tún un là
(ẹ) 3B: gba ohun tí mo gbé fún ọ sínú àyè ìrántí ara rẹ

Kò sí ẹni tí (1a) lè pa lára. (1b) àti (1d) bá kíkà àti kíkọ fáìlì mu. Ṣùgbọ́n (1e) lè sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá di òfo, (1ẹ) sì ni ọ̀nà tí a ń gbà pààrọ̀ ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí gbé ohun tí kò tọ́ wọlé lè sọ ẹ̀rọ náà di òkú pátápátá. Ní Linux, iṣẹ́ ioctl kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SG_IO. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba irú ọ̀wọ́ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ purogíráàmù, ó sì ń fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

4.0 Ìbéèrè tí ó sọnù ní 2004: Kí ni o fẹ́ ṣe?

Títí di àárín 2004, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní ìyọ̀ǹda láti ka ẹ̀rọ ni ó lè fi SG_IO rán àṣẹ èyíkéyìí sí i. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, a ti fún àwọn tí ń lò ó ní ìyọ̀ǹda láti ka CD kí wọ́n lè gbọ́ orin. Ẹni náà tí a ní kí ó gbọ́ orin ni ó ní agbára láti pààrọ̀ ètò inú ẹ̀rọ CD, kí ó sì bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Aṣọ́nà ti bèèrè ẹni tí í ṣe, ó ti bèèrè ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé. Kò bèèrè ohun tí ó wá ṣe.

Nígbà tí Linux 2.6.8 jáde ní oṣù kẹjọ 2004, a ti fi sẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà. Kernel ní àkójọ méjì. Àṣẹ tí ó bá wà nínú àkójọ kíkà ni ẹni tí ó ṣí ẹ̀rọ fún kíkà lè rán. Àṣẹ tí ó bá wà nínú àkójọ kíkọ ni ẹni tí ó ṣí ẹ̀rọ fún kíkọ lè rán. Èyí tí kò bá sí nínú méjèèjì, àfi ẹni tí ó bá ní agbára àkànṣe kan, CAP_SYS_RAWIO, èyí tí root máa ń ní. Bí a bá fi ìlànà Saltzer àti Schroeder wò ó, ohun tí a kò fọwọ́ sí ni a kọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ìmọ̀ sórí CD fi igbe ta. Oríṣiríṣi àṣẹ tí ẹ̀rọ wọn ń fẹ́ kò sí nínú àkójọ, purogíráàmù wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé root ni ó ń lò ó. Àtúnṣe sí àkójọ náà ni ó tẹ̀lé e ní àwọn ẹ̀dà tí ó wá lẹ́yìn.

Igbe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan. Bí aṣọ́nà bá le jù, àwọn ènìyàn kì í padà sílé. Ọ̀dọ̀ root ni wọ́n ń lọ. Wọn yóò fún odindi purogíráàmù ní agbára root kí ó lè rán àṣẹ kan ṣoṣo, gbogbo àṣìṣe tí ó bá sì wà nínú purogíráàmù náà yóò di àṣìṣe tí ó ní agbára root. Báyìí ni ìlànà pé kí a kọ ohun tí a kò fọwọ́ sí ṣe lè ti ènìyàn lọ ba ìlànà agbára kékeré jẹ́. Ní 2008, pẹ̀lú Linux 2.6.27, a gbìyànjú láti jẹ́ kí alábòójútó ẹ̀rọ lè yí àkójọ náà padà fúnra rẹ̀. Ìgbìyànjú náà kò tọ́jọ́. A yọ ọ́ kúrò.

5.0 Ìbéèrè tí ó sọnù ní 2011: Ilẹ̀kùn wo?

A lè pín díìsìkì kan sí ìpín púpọ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì tirẹ̀ àti ìyọ̀ǹda tirẹ̀. Bí purogíráàmù bá ka ìpín kan ní ọ̀nà tí a mọ̀, kernel a máa ṣe ìṣirò kan fún un: bí ó bá béèrè fún àyè kìíní, kernel yóò fi ibi tí ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀ kún un kí ó tó kan díìsìkì. Ìṣirò yìí ni ó ń jẹ́ kí ìpín jẹ́ ìpín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé tí ayálégbé pọ̀ sí ṣe àkàwé. A fún ayálégbé kan ní yàrá kan ní àárín ilé. Bí ó bá ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí igun àkọ́kọ́, igun yàrá tirẹ̀ ni ọmọ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jẹ́ ẹni tí ń ka igun láti ẹnu géètì ilé, igun àkọ́kọ́ yóò di ti onílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni SG_IO ṣe. Àṣẹ tí a rán láti orí fáìlì ìpín ni kernel fà lé odindi díìsìkì lọ́wọ́ láìṣe ìṣirò kankan, díìsìkì sì ń ka àyè láti ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ìpín kan lè ka ìpín gbogbo ènìyàn. Bí ó bá sì ní ìyọ̀ǹda kíkọ, ó lè kọ ohun tí ó wù ú sí i.

Paolo Bonzini, òṣìṣẹ́ Red Hat, ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ìparí 2011, a sì fún un ní àmì CVE-2011-4127. Ohun tí ó mú kí ó burú jù ni pé ní àkókò náà, kọ̀ǹpútà àfarawé ti gbilẹ̀. Kọ̀ǹpútà gidi kan ń gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé sínú, ti oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò mọ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìpín díìsìkì kan ni a fún kọ̀ǹpútà àfarawé gẹ́gẹ́ bí díìsìkì rẹ̀, tí a sì jẹ́ kí àṣẹ SCSI gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tí ó jẹ́ root nínú ilé àfarawé tirẹ̀ lè ka ìmọ̀ aládùúgbò, kódà ti onílé fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àkójọ 2004 kò lè dá a dúró. Àṣẹ kíkà ni ó rán, àṣẹ kíkà sì wà nínú àkójọ. Àṣẹ tọ́; ibi tí a ti rán an ni kò tọ́.

Àtúnṣe tí ó wọ inú kernel ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012 jẹ́ èyí tí ó rọrùn láti ṣàlàyé: iṣẹ́ ioctl díẹ̀ tí kò léwu nìkan ni a ó gbà lórí fáìlì ìpín, àwọn àṣẹ tí ń lọ tààrà sí ẹ̀rọ, odindi díìsìkì ni kí a ti rán wọn.

6.0 Nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ méjì

Ní 2012, ihò mìíràn hàn nínú ìbéèrè kẹta, àmì rẹ̀ sì ni CVE-2012-4542. Àkójọ 2004 ń wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan. Ó gbà pé nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú SCSI. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí ìtumọ̀ wọn ń yí padà pẹ̀lú irú ẹ̀rọ:

(2) (a) 42 fún ẹ̀rọ CD: sọ ibi tí orin dé
(b) 42 fún díìsìkì: jọ̀wọ́ àwọn àyè wọ̀nyí, a kò nílò ìmọ̀ inú wọn mọ́

Àwa tí a ń kọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pàdé irú ìṣòro yìí. Bí ẹnìkan bá kọ *oko* sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ ni ó ní lọ́kàn. Lẹ́tà kò tó. Àmì ni ó ń parí ọ̀rọ̀. Nínú SCSI, nọ́ńbà ni lẹ́tà, irú ẹ̀rọ sì ni àmì. Àkójọ 2004 ń ka ọ̀rọ̀ láìwo àmì. Nítorí pé (2a) kò léwu, a ti fi 42 sínú àkójọ kíkà. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣí díìsìkì fún kíkà lásán lè rán (2b), kí ìmọ̀ tí kò ní ìyọ̀ǹda láti fọwọ́ kàn sì ṣègbé. Bonzini dábàá pé kí àkójọ náà máa yàtọ̀ láti irú ẹ̀rọ kan sí èkejì.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí a bèèrè ohun tí ẹnìkan fẹ́ ṣe kò tó. Aṣọ́nà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹni tí ń dá a lóhùn.

7.0 Ìgbìyànjú tuntun: kí ẹ̀rọ sọ tẹnu rẹ̀

NVMe, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2011, ni èdè tí a ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpamọ́ òde òní sọ. Ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, Linux kọ́kọ́ mú ọ̀nà tí ó le jù: ẹni tí kò bá ní agbára àkànṣe tí ó tóbi, CAP_SYS_ADMIN, kò gbọdọ̀ rán àṣẹ tààrà rárá. A ti rí ibi tí irú líle bẹ́ẹ̀ ń ti ènìyàn lọ.

Láti Linux 6.2, tí ó jáde ní oṣù kejì 2023, a yí ọwọ́ padà. Dípò kí kernel fúnra rẹ̀ to àkójọ, ó ń bi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ NVMe lè ní àkọsílẹ̀ kan nínú, èyí tí ó ń sọ ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan lè yí padà. Bí ẹ̀rọ bá ní òun mọ àṣẹ kan, tí àṣẹ náà kò sì yí nǹkan mìíràn padà ju ìmọ̀ tí a kó pamọ́ lọ, ẹni tí ó ní ìyọ̀ǹda fáìlì lè rán an. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tí ń yí ìmọ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí ẹ̀rọ náà fún kíkọ. Àwọn àṣẹ alábòójútó ṣì wà lọ́wọ́ alágbára, àyàfi díẹ̀ tí ń béèrè irú ẹ̀rọ tí í ṣe. Ìṣòro apá 6.0 rí ojútùú níbí, nítorí pé ẹni tí ó ni èdè ni ó ń ṣe ògbufọ̀.

Síbẹ̀, ohun méjì ni ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Èkíní, nínú 2023 kan náà, a ní láti fi òfin kan kún un pé ẹni tí kò ní agbára àkànṣe kò gbọdọ̀ rán àṣẹ tààrà láti orí ìpín díìsìkì. Òfin 2012 ni èyí, ọ̀rọ̀ tí a ti sọ tẹ́lẹ̀, tí a tún ní láti sọ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé ilé tuntun ni a kọ́. Èkejì, a ṣàkíyèsí pé purogíráàmù lè pèsè àyè kékeré fún èsì, kí ó sì kọ ọ́ sínú àṣẹ pé kí ẹ̀rọ gbé èsì ńlá wá. Ẹ̀rọ yóò jẹ́ àṣẹ, èsì yóò sì kún àkúnya sínú ìrántí kernel. Àṣẹ kíkà ni o, ṣùgbọ́n ohun tí ó bàjẹ́ kì í ṣe díìsìkì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ 2004, 2011, 2012 àti 2023 kì í ṣe àṣìṣe tí kò bára tan. Ní 2004, kernel kò bèèrè ohun tí a fẹ́ ṣe. Ní 2011, kò bèèrè ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé. Ní 2012, ó bèèrè ṣùgbọ́n kò gbọ́ èsì yé. Ní 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dáhùn.

Àbá wa ni pé kí a fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnu-ọ̀nà tuntun èyíkéyìí tí a bá fẹ́ là sí ẹ̀rọ ìpamọ́, kí ó tó di pé a là á. A kò sọ pé wọ́n tó fún ohun gbogbo. Fún àpẹẹrẹ, Linux 6.8 tí ó jáde ní oṣù kẹta 2024 ní ètò kan tí alábòójútó lè yàn, èyí tí kì í jẹ́ kí a kọ ohunkóhun tààrà sí díìsìkì nígbà tí ètò fáìlì orí rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kódà bí ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ́ bá jẹ́ root. Ìbéèrè kẹrin nìyẹn: Nígbà wo? Ó yẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìyọ̀ǹda fáìlì jẹ́ ojú kan, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ojú tí ń wo ẹni tí ń wọlé nìkan, tí kò wo ibi tí ó ń lọ àti ohun tí ó gbé dání, ìdajì oorun ni ó ń sùn.